Wọ́n Ti Dúpẹ́ Lórí Ẹsẹ̀ Yéjídé

Ojú ọgbẹ́ tó wà lábẹ́ orúnkún Yéjídé kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, òun gan-an ló sì kó bá a. Ká ní ọgbẹ́ ọ̀hún gùn gbọọrọ láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀ ni, tí wọ́n fi òwú dúdú rán an bí ẹnu àpò ìrẹsì, kò sẹ́ni tí ì bá jiyàn nígbà tó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ṣùgbọ́n ojú ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wọn ìrora. Ohun tí ojú wa ò bá ti rí, a ó ní ẹni tó ń ké ti fẹ́ràn àṣejù jù.

Aránṣọ ni Yéjídé. Olúrótìmí Ògúntúndé, akọ̀wé rélùwéè, ni ọkọ rẹ̀, Rẹ̀mí sì ni ọmọ wọn. Ìkàrẹ́ ni àwọn méjèèjì ti wá sí Ìbàdàn, wọ́n sì háyà yàrá méjì lẹ́yìn Dùgbẹ̀, níbi tí èéfín ọkọ̀ ojú irin ti máa ń ba aṣọ tí wọ́n bá sá sóòrùn jẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yẹn ló ti ń ránṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹnu rẹ̀ sì mú díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó tíṣà ní Jericho máa ń fara da ẹnu rẹ̀ nítorí ọwọ́ rẹ̀.

Máṣíìnì tí wọ́n ń fọwọ́ yí ló ti ń lò látìgbà ọmọge. Ọdún 1958 ló tó ra èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì irin. Ayọ̀ kò jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Bí alábàárù ṣe ń gun àtẹ̀gùn ilé bọ̀, dípò kí Yéjídé yẹra lọ́nà, ńṣe ló sọ̀ kalẹ̀ lọ pàdé rẹ̀, ó ń pariwo “rọra, rọra”, ó sì fẹ́ bá a fọwọ́ dì í mú. Ẹsẹ̀ alábàárù yọ̀, máṣíìnì já bọ́, irin abẹ́ rẹ̀ sì balẹ̀ sórí ojúgun Yéjídé lápá ọ̀tún. Gbogbo ará ilé ló gbọ́ bí egungun ṣe dún. Máṣíìnì náà kò tilẹ̀ họ lára.

Ẹ̀rù tó ba gbogbo wọn nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù ni pé wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Ìkàrẹ́, gbọ́ nílé, ó sì wọkọ̀ wá. Opó ni, ó ga, ohùn rẹ̀ tó ohùn ẹni mẹ́ta, kò sì sí ìsìn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn tí kò mọ orin rẹ̀ lórí. Ó fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀ dénú, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn. Ààwẹ̀ ló gbà títí wọ́n fi parí iṣẹ́ lára ẹsẹ̀ náà.

Dókítà òyìnbó tó wà níbẹ̀ kò gé ẹsẹ̀, kò sì la ẹsẹ̀. Ó wo fọ́tò egungun, ó lu ihò kékeré kan sábẹ́ orúnkún, ó sì gba ibẹ̀ ti ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú mùdùnmúdùn egungun, títí irin náà fi kọjá ojú ibi tó ṣẹ́ tó sì so ó pọ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, lójú ẹni tó wà níta. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń lu ihò yẹn, ẹnu irin yọ díẹ̀ sẹ́yìn egungun, ó sì ha iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀. Ojú dókítà kò tó ibẹ̀. Irú rẹ̀ a máa ṣẹlẹ̀, bí ọwọ́ oníṣẹ́ tilẹ̀ dára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kìlọ̀ fún aláìsàn kó tó lọlé.

Wọ́n sì kìlọ̀. Lọ́jọ́ tí Yéjídé ń lọ sílé, Nọ́ọ̀sì Títílọpẹ́, ọmọbìnrin kan tó ń ṣe jẹ́jẹ́, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀.

“Ìyá Rẹ̀mí, ẹ fetí sílẹ̀ o. Bí ẹsẹ̀ yìí bá wú, tàbí ó tutù, tàbí ẹ ò mọ ọmọ ìka yín lára mọ́, kí ẹ padà wá kíákíá. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí a dá fún yín.”

Kí Yéjídé tó lanu, Màmá Ìkàrẹ́ ti yí ọwọ́ po orí, ó sì ta á dànù.

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Kò ní wú. Kò ní tutù. A ò ní padà síbí mọ́ láéláé lórúkọ Jésù.”

Gbogbo àwọn tó wà lórí ibùsùn ló ṣe Àmín. Nọ́ọ̀sì pàápàá ṣe Àmín, nítorí ta ni yóò dákẹ́ nígbà tí àgbàlagbà bá ń ṣàdúrà? Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń wí nílẹ̀ yìí fún ẹni tó bá ń kúrò ní ọsibítù: o ò ní padà síbẹ̀ mọ́. Àdúrà tó dára ni, n kò sì sọ pé ká má ṣe é. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ìkìlọ̀ nọ́ọ̀sì bá àdúrà lọ, bí ẹni tó ń gbálẹ̀ tó gbá owó mọ́ ìdọ̀tí dànù.

Kò pẹ́ tí wọ́n délé ni Yéjídé fọwọ́ kan ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ níbi tó ti ń wẹ̀, ó bá kókó kan níbẹ̀, tó tó ọsàn wẹ́wẹ́. Ó pe ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Rẹ̀mí, nǹkan kan wú lẹ́yìn ẹsẹ̀ mi.”

Rótìmí bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú ọgbẹ́ níwájú. “Ó mà ti ń jiná.”

“Ẹ̀yìn ni mo ní kí ẹ wò.”

“Ẹsẹ̀ tí wọ́n ti irin bọ̀, ṣé kò ní wú díẹ̀ ni? Ẹ ṣe sùúrù fún un.” Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni Rótìmí. Tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán, á máa fi “ẹ” bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìyẹn a sì máa bí obìnrin náà nínú ju bí wọ́n bá bú u lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n dúpẹ́. Màmá Ìkàrẹ́ ló ṣètò rẹ̀, kò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹsẹ̀. Yéjídé ti ọ̀pá méjì bọ abẹ́ abíyá, àwọn ẹbí tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì jó láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé iwájú pẹpẹ. Bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan tọ ni kókó ẹ̀yìn ojúgun ń já a jẹ. Àlùfáà Akínbíyì sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

“Ẹ wo ẹsẹ̀ tí ọ̀tá rò pé a ó gé. Ẹ wo ojú ọgbẹ́ náà, ẹ̀yin ará, kò tó èékánná. Ta ló lè ṣe èyí bí kò ṣe Ọlọ́run?”

Àwọn obìnrin ìlà iwájú na ọrùn láti wo ọgbẹ́. Yéjídé di eyín pọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Kí ni ì bá ṣe? Àbí kó sọ fún gbogbo ìjọ pé ọpẹ́ yìí yá jù?

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti di ti ẹni tó ń pariwo nínú odò. Ẹni tó bá wá kí i, ọgbẹ́ níwájú ló máa ní kó fi han òun. Àpínkẹ́, aránṣọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ṣàngó, wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

“Ṣé èyí náà ni? Ìgbà tí abẹ́rẹ́ máṣíìnì gún mi lọ́mọ ìka, tèmi jù báyìí lọ.”

“Inú ló ti ń dùn mí, Àpínkẹ́.”

“Inú ibo? Dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run rẹ, jàre.”

Ó ti dúpẹ́! Ohun tí wọn ò jẹ́ kó rí sọ nìyẹn. Ó ti dúpẹ́, wọ́n jó o fún un, wọ́n kọrin rẹ̀ fún un, ọpẹ́ ọ̀hún sì ti wá di ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn nínú. Inú bí i sí Àpínkẹ́, inú bí i sí Rótìmí, inú bí i sí ọgbẹ́ kékeré yẹn fúnra rẹ̀, nítorí ojoojúmọ́ ló ń jiná sí i, tí ń dán, tí ń fi í ṣe òpùrọ́.

Màmá Ìkàrẹ́ kò padà sílé. Ó ní òun yóò dúró tọ́jú ẹsẹ̀ náà. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìwẹ̀, yóò gbé abọ́ omi gbígbóná wá, yóò ki aṣọ bọ̀ ọ́, yóò máa fi jó ẹ̀yìn ojúgun Yéjídé, yóò sì máa fọwọ́ ra á, bí wọ́n ṣe máa ń ra ara abiyamọ tuntun. Bó bá ti ń ra á ló ń gbàdúrà, bí àdúrà bá tán, orin ni. Kì í dákẹ́. Yéjídé a máa di igi àga mú títí ìyá náà yóò fi ṣe tán, kókó náà a sì máa tóbi sí i.

Lọ́jọ́ kan kò lè mú un mọ́ra.

“Màmá, mo fẹ́ lọ fi ẹsẹ̀ yìí han dókítà.”

Ìyá náà dáwọ́ dúró. “Ọsibítù tí a ti gbàdúrà pé a ò ní padà sí?”

“Nọ́ọ̀sì sọ pé bó bá wú, ká padà wá.”

“Nọ́ọ̀sì sọ, Ọlọ́run sì sọ. Ta lo fẹ́ gbọ́ tirẹ̀? Ìyàwó, a ti dúpẹ́ lórí ẹsẹ̀ yìí níwájú ìjọ. Ṣé ká wá lọ sọ fún Ọlọ́run pé kó dá ọpẹ́ wa padà ni?”

“Èmi ò ní kí wọ́n dá ọpẹ́ padà, Màmá. Ẹsẹ̀ ni mo ní kí wọ́n wò.”

“Ẹ̀mí àìmoore kì í jẹ́ kí ara yá.”

Yéjídé wo ọkọ rẹ̀. Rótìmí ti gbé ojú sínú ìwé ìròyìn, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n tẹ ohun tó yẹ kó sọ sí. Ó yí ojú ewé kan.

Ó gbìyànjú láti dá lọ. Nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní òun yóò dé títì, òun yóò dá táásì dúró. Orí àtẹ̀gùn tí máṣíìnì ti já lù ú yẹn náà ni Bàbá Gbádérọ̀, onílé wọn, ti bá a tó ń gbọ̀n. Bàbá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í mú, ó sì dá a padà sí yàrá.

“Ìyá Rẹ̀mí, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúpẹ́, ṣé ẹ tún fẹ́ ṣubú ni? Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́.” Ó gbàdúrà fún un kó tó jáde. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ń há a mọ́.

Yéjídé wọ́ ẹsẹ̀ dé ìdí máṣíìnì tuntun náà, ó ní kí òun tilẹ̀ rán nǹkan kí ìbínú má pa òun. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ibi ìtẹ̀sẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ máṣíìnì kò yí. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó wo ilẹ̀ ló rí i pé ẹsẹ̀ òun kò tilẹ̀ sí lórí irin náà, ilẹ̀ lásán ló ti ń tẹ̀, kò sì mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà mú. Ó tutù bí ara àmù. Ó wú, ó tutù, kò mọ̀ ọ́n lára: ohun mẹ́ta tí nọ́ọ̀sì kà ti pé. Yéjídé sunkún níbẹ̀, kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́, ẹkún ìbínú ni. Ẹsẹ̀ òun ń kú lọ lójú gbogbo wọn, wọ́n sì ń kọrin lé e lórí.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bó ṣe di kókó náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ṣàkíyèsí ohun kan tí ìrora àti ariwo àdúrà kò ti jẹ́ kó fọkàn sí. Kókó náà ń mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Ìkàrẹ́ gbé abọ́ omi gbígbóná rẹ̀ dé. Yéjídé di ọwọ́ rẹ̀ mú kó tó ki aṣọ bọ omi.

“Màmá, ẹ má fọwọ́ ra á lónìí. Ẹ má gbàdúrà, ẹ má kọrin. Ẹ kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, kí ẹ dákẹ́.”

“Kí n má gbàdúrà kẹ̀?”

“Títí ẹ ó fi gbọ́ ohun tí mo ti ń wí láti ọjọ́ yìí. Lẹ́yìn náà, ẹ lè gbàdúrà títí ilẹ̀ ó fi ṣú.”

Kò bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, àwọn méjèèjì ló sì mọ̀. Ìyá àgbà náà fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ojú tí ọmọ yìí fi wò ó kò ṣe é bínú sí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó dákẹ́.

Nígbà tí ohùn rẹ̀ kò sí nínú yàrá mọ́, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ń lù lábẹ́ awọ, kì, kì, kì, kò yára, kò sì dáwọ́ dúró. Obìnrin yìí ti wẹ ọmọ tirẹ̀, ó ti wẹ ọmọ ọmọ, ó ti wẹ ọmọ aládùúgbò. Kò sí orí ọmọ tuntun tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Àwùjẹ̀ ni,” ló sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Bí àwùjẹ̀ ọmọ ṣe máa ń lù nìyí. Kí ni àwùjẹ̀ ń wá nínú ẹsẹ̀ àgbà?”

“Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi bi dókítà nìyẹn.”

Màmá fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó yára yọ ọwọ́ kúrò. Ó wo abọ́ omi gbígbóná tí ooru ń jáde lára rẹ̀, ó sì wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Mo sì ń fọwọ́ ra á,” ló wí. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn.

Ẹni tó ti gbàdúrà níwájú ènìyàn kò lè déédéé gbé e mì. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ojú fèrèsé ló kọ sí.

“Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ yẹn, ọmọ dáadáa ni. A ò tíì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

“A ò tíì lọ, Màmá.”

“Iṣu tí mo gbé bọ̀ láti Ìkàrẹ́ ṣì kù. Jẹ́ kí Rótìmí dá táásì dúró. A ò padà sí ọsibítù o. Nọ́ọ̀sì la fẹ́ lọ kí.”

Yéjídé na ọwọ́ mú ọ̀pá rẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká tètè lọ kí i,” ló wí.

Nọ́ọ̀sì Títílọpẹ́ gba iṣu, ó ń dúpẹ́, kó tó rí àwọ̀ tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà ti ní. Ó gbé iṣu sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì sáré lọ pe dókítà. Òyìnbó náà fọwọ́ kan kókó yẹn, ó gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé e, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ó bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

“Kó tó di pé a dúpẹ́,” ni Yéjídé wí.

Nọ́ọ̀sì wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ìyẹn lédè òyìnbó, kò rí i. Ó kàn sọ pé ó ti pẹ́.

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní ẹnu irin òun ló pa iṣan ẹ̀jẹ̀ náà lára, pé ẹ̀jẹ̀ ló ń jò jọ síbẹ̀ tó ń lù pẹ̀lú ọkàn, tí àtẹ́lẹsẹ̀ kò fi rí tirẹ̀ gbà. Ó ní ó dun òun. Ó ní ká ní wọ́n ti wá nígbà tó kọ́kọ́ wú ni, wọn ì bá rí gbogbo ẹsẹ̀ náà gbà là. Màmá Ìkàrẹ́ ní kí nọ́ọ̀sì tún ìyẹn sọ, nọ́ọ̀sì sì tún un sọ.

Wọ́n la ẹ̀yìn ojúgun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n rí iṣan náà tún ṣe, ẹsẹ̀ sì yè, ṣùgbọ́n ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti dúdú kọjá àtúnṣe. Wọ́n gé gbogbo wọn, pẹ̀lú iwájú àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tó fẹ́ fi máa tẹ máṣíìnì, gìgísẹ̀ àti ìdajì àtẹ́lẹsẹ̀ ló kù níbẹ̀.

Àwọn ènìyàn wá kí i. Nígbà tí wọ́n rí ọgbẹ́ gígùn yẹn, pẹ̀lú òwú dúdú rẹ̀, wọ́n di orí mú. Àpínkẹ́ sunkún títí wọ́n fi ní kó jáde. Bàbá Gbádérọ̀ kò lè wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Rótìmí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn láìsí ìwé ìròyìn lọ́wọ́, ó ń pè é ní “ìwọ”, ó sì ń bẹ̀ ẹ́. Ìrora ọjọ́sí ti lọ pátápátá nígbà yẹn o. Nígbà tó ń dùn ún, kò sẹ́ni tó gbà. Ìgbà tí kò dùn ún mọ́ ni gbogbo wọn wá ń kí i kú ìrora. Yéjídé kọjú sí ògiri, kò sì fẹ́ ìkíni ẹnikẹ́ni.

Ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò sunkún níwájú rẹ̀. Òun ló ń wẹ ìyókù ẹsẹ̀ náà láràárọ̀, omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, láìkọrin.

Nígbà tó tó àkókò láti lọ sílé, Nọ́ọ̀sì Títílọpẹ́ tún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

“Ní ọjọ́ Jímọ̀, kí ẹ padà wá, kí dókítà wo ojú ibẹ̀.”

Obìnrin kan tó wà lórí ibùsùn kejì gbé ọwọ́ sókè. “Ẹ ò ní padà síbí mọ́ lágbára Ọlọ́run.”

Gbogbo ẹnu tó wà nínú yàrá náà ti là fún Àmín.

“Mo máa padà wá,” ni Yéjídé wí. “Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo máa padà wá. Bó bá sì wú kó tó di Jímọ̀, ọjọ́ tó bá wú ni n ó padà wá.”

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí yóò fi ẹnu tó là ṣe. Gbogbo wọn wo ìyá àgbà tó ga yẹn, tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, tó ń fi aṣọ wé ẹsẹ̀ tí kò ní ọmọ ìka. Kò gbé ojú sókè.

“Àmín,” ni Màmá Ìkàrẹ́ wí.